Àga Keje Tó Wà Lábẹ́ Ibòji

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà," ni àga keje wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ife yín."

Tanímọ́lá wà lábẹ́ àga náà. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní rọ́bà, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó sì ń fetí sí bí oògùn ṣe ń gba inú páìpù kọjá. Ìró yẹn dùn mọ́ ọn. Oògùn á kọ́kọ́ ṣe fìì bí ẹni ń fun ikun, fáàfù á ṣe kẹ́, ife á sì kún dé etí. Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti pààrọ̀ fáàfù náà, kò sì tíì ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan rí. Àga méjìlá ló wà ní gbàgede Òkè-Arómi, òun nìkan ló sì ń tún gbogbo wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ṣe ló tú ọ̀kan palẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, tó sì tò ó padà, tí kò ṣẹ́ ku ju ẹyọ nọ́ọ̀tì kan lọ. Títí dòní ni nọ́ọ̀tì yẹn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ó fi okùn so ó kọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Ọmọ yìí, jáde lábẹ́ ìdí mi," ni Bàbá Lájídé tó jókòó sókè wí. "Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kì í mu oògùn kí ènìyàn máa dẹ etí sí i nísàlẹ̀."

"Ẹ mu ún, Bàbá. Ìró ni mò ń gbọ́."

"Ìró ta ni? Tèmi àbí ti ẹ̀rọ?"

Àwọn àgbà tó tò sílà bú sẹ́rìn-ín. Àga keje dúró díẹ̀, ó wọn ife tó ti ṣófo, ó ní: "Ẹ ṣeun. Ikùn yín mọ́."

Bí gbogbo ọjọ́ Ẹtì ti ń rí nìyẹn. Tọmọdé tàgbà á jókòó, wọ́n á mu oògùn aràn, àga á wọn ife, yóò sì kéde. Mọ́kànlá nínú àwọn àga náà wà nínú oòrùn. Ìkeje nìkan ni igi ọdán ta ẹ̀ka bò. Kò sí òfin kankan tó sọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jókòó síbi ibòji nígbà tí àgbà ń yan nínú oòrùn, ilé ni wọn yóò ti bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Nítorí náà, láti ọdún tí wọ́n ti gbé àwọn àga wọ̀nyẹn kalẹ̀, àga keje di ti àwọn àgbà.

"Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́," ni ohùn kékeré kan wí láti ẹ̀yìn ìlà. "Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́."

Bàtà ló sọ̀rọ̀. Bàtà Màmá Àwẹ̀ró ni, amọ̀kòkò, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó bí Tanímọ́lá. Kò sí bàtà tí kì í sọ̀rọ̀ ní Òkè-Arómi. Bí o bá bọ́ ọ lóde, yóò máa ké "Ẹsẹ̀ lásán! Ẹsẹ̀ lásán!" títí ojú yóò fi tì ọ́ tí wàá wọ̀ ọ́ padà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń wọ bàtà fún ọmọ tuntun, orúkọ ni yóò dúró di ọjọ́ kẹjọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ tẹ́ ẹní. Ilẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Inú ilẹ̀ ni aràn òwú ń gbé, aràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí fọ́nrán òwú, àtẹ́lẹsẹ̀ ló sì ń gbà wọ ara.

Tanímọ́lá yọ orí jáde. "Màámi, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ẹsẹ̀ mi kò ṣe nǹkan kan. Bàtà ló ya wèrè."

"Èmi ni mo tún un ṣe lóṣù tó kọjá."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn."

Ìlà tún bú sẹ́rìn-ín, Màmá Àwẹ̀ró pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gun pèpéle àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan òsì rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Tanímọ́lá rí i. Ó wá wo gbogbo ìlà náà pẹ̀lú ojú tó fi ń wo ẹ̀rọ. Àgbà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà ti ń tẹ ọ̀pá. Lọ́dún tó kọjá, kò sí ọ̀pá kan ṣoṣo lábẹ́ igi ọdán yẹn. Bàbá Lájídé, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ló wá fo gọ́tà bí òbúkọ tó sì ń lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú orin lẹ́nu.

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta o!" ni Dókítà Fágbohùn kígbe láàárín gbàgede, àwọn ọmọdé sì hó yèè.

Òun ni alábòójútó ìmọ́tótó ìlú. Kò tíì pé ọmọ àádọ́rin, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti tó ogún ọdún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú irin. Mọ́tò kékeré ló ń gbé orúnkún rẹ̀: ṣìn-ṣìn, ṣìn-ṣìn. Ohun tó sì ń kà fún àwọn ọmọ náà ni ọjọ́ tí Atọ́lẹ̀wò yóò dé. Ẹ̀rọ ńlá ni Atọ́lẹ̀wò, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bu ilẹ̀ tọ́ wò. Ìlú tí ẹ̀rọ náà kò bá bá aràn nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko, bàtà di ohun ìfẹ́ inú níbẹ̀. Òkè-Arómi ti pé mẹ́rìnlélógún, ó ku ẹyọ kan. Kò sí ọmọdé kan nílùú náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan erùpẹ̀ rí. Nílé ìwé, wọ́n ti gbé àwo ńlá kan kalẹ̀ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ sísè, kí àwọn ọmọ máa fi ìka kàn án, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n lọ́jọ́ náà.

Tanímọ́lá tọ Dókítà lọ. "Dókítà, ẹsẹ̀ àwọn àgbà yìí ń le."

"Ọjọ́ orí ni, Ẹlẹ́rọ. Èwo lo fẹ́ kí ó máa rọ̀?"

"Oṣù mẹ́jọ péré?"

Ṣùgbọ́n ọmọ kan ti fa ọwọ́ Dókítà, ó ti ń kọjá lọ, ṣìn-ṣìn, ṣìn-ṣìn.

*

Tanímọ́lá kì í ju ohun èlò àtijọ́ nù. Àpótí kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ tó ń pè ní ilé àwọn tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó tú u sílẹ̀, ó sì rí fáàfù àga keje, èyí tó yọ lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Rọ́bà inú rẹ̀ ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ètè ẹni tí ọyẹ́ mú. Ó so ó mọ́ páìpù, ó gbé ife sábẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí omi. Fìì, kẹ́. Ife kún dé ìdajì, ó dúró. Ó dà á nù, ó tún ṣe é. Ìdajì. Ó ṣe é nígbà ogún, ìdajì náà ni.

Ó fi wáyà pe àga keje láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. "Àga, ìgbà wo ni fáàfù yìí ti là?"

"Mi ò mọ̀, Ẹlẹ́rọ," ni àga dáhùn. "Mi ò mọ bí ife ti kún tó. Bó bá ti ṣófo tán, màá ní ikùn mọ́."

"O ò wo ikùn?"

"Ta ló fún mi lójú?"

Tanímọ́lá jókòó. Ó mọ̀ pé lóòótọ́ ni. Òun alára ló tò ó. Ó kàn jẹ́ pé kò gbọ́ ọ rí báyìí ni. Àwọn àgbà tó ń jókòó lábẹ́ ibòji, ìdajì oògùn ni wọ́n fi ọdún pípẹ́ mu kí ó tó pààrọ̀ fáàfù. Ìdajì yóò pa aràn kù, kò ní pa á tán. Síbẹ̀, àwọn ni wọ́n ń rìn ṣánṣán. Dókítà Fágbohùn, tó jẹ́ pé àga kìíní ló ń jókòó sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí gbogbo ìlú lè fi ṣe àwòkọ́ṣe, òun ló wọ irin. Òun Tanímọ́lá wá tún fáàfù ṣe, ìlú fún un ní ife fàdákà, ọ̀pá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ igi ọdán.

Ọ̀ràn Bàbá Lájídé nìkan ni kò bá ìṣirò náà mu. Òun náà ń mu ife kíkún láti oṣù mẹ́jọ, ó sì ń fo gọ́tà.

Ó padà sí gbàgede, ó wo àga náà yíká. Ìkòkò òdòdó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá rẹ̀ ọ̀tún. Gbogbo òdòdó gbàgede ló tutù yọ̀yọ̀, tibí nìkan ló gbẹ fẹ́ú. Ó fi ìka kan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó korò bí jogbo.

"Bàbá," ló sọ nígbà tó dé ilé bàbá náà, "òdòdó wo lẹ ń wo aràn fún?"

Bàbá Lájídé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọmọ mi, tẹ́lẹ̀ rí, ó ṣeé mu. Bí o ti tún un ṣe tán, ó di ohun tí ń fa ifun jáde. Ṣé wàá fẹjọ́ mi sùn?"

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín?"

Bàbá náà gbé ẹ̀wù sókè. Ìlà pupa kan wà lára ikùn rẹ̀, ó gùn tó ìka mẹ́ta. "Ó ń yún mi. Bó bá jí láàárọ̀, ìdodo ló wà. Tó bá di ọ̀sán, ó ti dé ìhà. Ọkọ̀ ojú irin ni mo pè é." Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tanímọ́lá kò lè bá a rín. Kò sídìí láti bi í ohun tó ń rìn. Aràn tí kò rẹ́ni dá a dúró ti ń bí sí i, ó sì ń wá ibòmíràn lọ nínú ara. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò jẹ bàbá yìí tán.

Ife kíkún kò dára, ife òfo kò dára. Fáàfù tó là yẹn ló bọ́ sí déédéé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

*

Nílé ìmọ̀kòkò, Màmá Àwẹ̀ró ń yí ìkòkò po. Bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é náà ló ń ṣe é: amọ̀ wà lójú kan lórí òkúta, òun ló ń tẹ̀ba, tó ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, ọwọ́ kan nínú, ọwọ́ kan lóde. Ẹsẹ̀ ló ń mọ ìkòkò, ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni. Tanímọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún a lọ, tòsì a fà. Ìkòkò náà sì ti fì sí apá òsì bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó.

"Má sọ nǹkan kan," ni ìyá rẹ̀ wí, kò wẹ̀yìn.

"Mi ò sọ̀rọ̀."

"Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń ronú. Fìì, kẹ́."

Tanímọ́lá jókòó tì í lórí àpótí, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: fáàfù, ìdajì ife, òdòdó, ọkọ̀ ojú irin. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú.

"Ìyẹn ni pé aràn ló ń bá mi mọ ìkòkò láti ọjọ́ yìí, èmi ò mọ̀, n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Màámi, mo lè dá fáàfù àtijọ́ padà. Bàbá Lájídé ṣì ní aràn. Dókítà á mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọmọ aràn sọ́tọ̀. A ó kó wọn sínú erùpẹ̀ inú àwo kan, ẹ ó fi ẹsẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó parí."

"Atọ́lẹ̀wò ńkọ́?"

Tanímọ́lá di nọ́ọ̀tì ọrùn rẹ̀ mú. Ibi tó ń dùn ún gan-an nìyẹn.

"Àwọn ọmọ yẹn ń ka ọjọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọmọ ọmọ mi ti ya ẹsẹ̀ rẹ̀ sára ògiri, ó ní èyí ni yóò kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, èyí ni yóò tẹ̀ lé e. Èmi, Àwẹ̀ró, mo ti tẹ ilẹ̀ rí. Mo ti sáré nínú ẹrẹ̀, mo ti ṣubú, wọ́n ti nà mí torí aṣọ. Ṣé kí n wá gba ilẹ̀ mọ́ àwọn yẹn lẹ́sẹ̀ nítorí ìkòkò? Rárá o, Àjọkẹ́ ọmọ mi. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi le."

"Tí ó bá le tán, ẹ ò ní mọ ìkòkò mọ́."

"Màá jókòó, màá máa bú àwọn tó ń mọ ọ́n. Iṣẹ́ nìyẹn náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ojú sí iná ààrò nígbà tó ń rín in. Ó mú ìṣù epo ìdáná kan látorí àkójọ, ó sọ ọ́ síná. Ó tún mú òmíràn. Ó tó bíríkì ní títóbi, ó dúdú, ó fúyẹ́, kò sì rùn mọ́. Láti ìgbà tí Tanímọ́lá ti wà lọ́mọdé ló ti ń rí i tí ìyá rẹ̀ ń sọ ìṣù wọ̀nyẹn síná. Gbogbo ilé ìyàgbẹ́ Òkè-Arómi ni kẹ̀kẹ́ agbépòó ń kó láràárọ̀, wọ́n á sá a sórí irin gbígbóná, wọ́n á gé e, wọ́n á sì kó o wá síbí. Igi wọ́n. Ohun tí ìlú bá yà ni wọ́n fi ń sun ìkòkò.

Tanímọ́lá dìde dúró láìmọ̀.

"Màámi. Ìgbẹ́ àwọn àgbà, níbo ló ń lọ?"

"Níbo ni ti ọba ń lọ? Gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Kí lo ṣe dìde?"

"Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó bí ọ. Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tanímọ́lá, ìwọ ọmọ yìí, bàtà rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà!"

Ṣùgbọ́n ó ti sáré jáde, ìbọ̀sẹ̀ lásán lẹ́sẹ̀.

*

Dókítà Fágbohùn gbé fáàfù tó là náà sí iwájú fìtílà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Tanímọ́lá ti ròyìn fáàfù àti ọ̀pá àwọn àgbà fún un.

"Àwa tó dàgbà nílùú yìí," ló wí, "ọ̀pọ̀ wa ló mu àlejò ẹ̀jẹ̀ nínú ọmú. Kòkòrò tíntín ni. Kì í jáde mọ́ láéláé. Ẹ̀yin tí wọ́n fi wàrà ewúrẹ́ wò, ẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé orí mi le," ni Tanímọ́lá wí.

"Gbọ́. Àlejò yẹn fúnra ẹ̀ kì í jẹ ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun ara wa ni. Wọ́n ń lé e kiri inú eegun ẹ̀yìn, wọ́n ń dáná sí gbogbo ibi tó bá sá pamọ́ sí, wọ́n sì ń jó iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Aràn wá ní tiẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n pa òun. Ó mọ ọgbọ́n tó fi ń bẹ̀ wọ́n. Bó bá ti wà nílé, ara wọn á balẹ̀."

"Búréèkì ni."

Dókítà wò ó. "Ogún ọdún ni mo fi ka ìwé lórí ẹ̀, n kò rí ọ̀rọ̀ yẹn. Búréèkì ni." Ó gbé fáàfù náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Mo sì fi ọwọ́ ara mi yọ búréèkì ọkọ̀ mi dànù, lórí àga kìíní, níṣojú gbogbo ìlú."

"Èmi náà fi ọwọ́ mi yọ ti ìyá mi."

"Ṣùgbọ́n kí ni ká ṣe, Ẹlẹ́rọ? N kò lè jẹ́ kí aràn wà nílùú kí Atọ́lẹ̀wò wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! O rí ojú àwọn ọmọ yẹn láàárọ̀."

"Dókítà, kí ni Atọ́lẹ̀wò ń tọ́ wò?"

"Ilẹ̀."

"Ṣé ó ń tọ́ ikùn wò?"

"Ikùn kò sí nínú òfin tiwọn. Àwa la fi ikùn kún un níbí, torí pé..."

"Ìdajì ife ni àwọn àgbà ń mu tẹ́lẹ̀, wọ́n ní aràn nínú, ẹ̀rọ náà sì ń wá lọ́dọọdún, kò rí ẹyọ kan nínú ilẹ̀. Kí ló fà á?" Tanímọ́lá gbé ìṣù epo ìdáná kan jáde látinú àpò, ó fi lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù. "Nítorí iná ìyá mi. Ìgbẹ́ ni aràn ń bá dé ilẹ̀, ìgbẹ́ ìlú yìí kò sì dé ilẹ̀ rí. Oògùn kọ́ ló fọ ilẹ̀ Òkè-Arómi, Dókítà. Ààrò ni."

Dókítà Fágbohùn wo ìṣù náà bí ẹni wo góòlù. Ìgbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Tanímọ́lá rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni.

"Ìkòkò!" ló wí. "Ọdún mẹ́rìnlélógún la fi ń kí ara wa kú iṣẹ́ lórí pèpéle, àwọn amọ̀kòkò ló ń ṣe é!"

"Iná yẹn kò gbọdọ̀ kú. Amọ̀kòkò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le kò sì lè dá iná."

"Mo gbọ́, mo gbọ́. O ti so ó pọ̀ tán kí o tó wọlé." Ó fà sẹ́yìn, mọ́tò orúnkún rẹ̀ ṣe ṣìn. "Ṣùgbọ́n a ò ní fi bò. Màá sọ fún ìlú lọ́jọ́ Ẹtì, màá sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni Atọ́lẹ̀wò. Bí wọ́n bá fẹ́ wá tọ́ ilẹ̀ wò lójoojúmọ́, kí wọ́n wá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àlejò nìkan ni yóò gba aràn, tó bá fẹ́. Èmi ni màá ka iye rẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn lóṣooṣù, lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Bàbá Lájídé ní láti mu ìdajì tirẹ̀ lọ́la, èmi ni màá dì í mú, kí ọkọ̀ ojú irin yẹn tó gbé e lọ síbi tí kò sanwó rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tiyín ńkọ́, Dókítà?"

Ó fọwọ́ pa irin orúnkún rẹ̀. "Wáyà tó ti jó ti jó. Bóyá kò ní padà. Bóyá kò ní jó jù báyìí lọ." Ó wò ó, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọdé. "Àmọ́ mo fẹ́ jókòó lábẹ́ ibòji yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí."

*

Atọ́lẹ̀wò dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ga ju ilé lọ, ó ń fọn bí erin. Àwọn tó ni ín ti ka lẹ́tà Dókítà. Wọ́n fèsì ní gbólóhùn kan: *Ilẹ̀ la ó bi.* Ẹ̀rọ náà bu ilẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún dípò ogún. Ó bu ti gbàgede, ó bu ti ẹ̀yìn ilé àwọn àgbà, ó bu ti ẹnu ọ̀nà ilé ìmọ̀kòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó sì ní: "Kò sí."

Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, bàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Egbèje ọmọ ló bọ́ bàtà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo bàtà sì figbe ta, "Ẹsẹ̀ lásán! Ẹsẹ̀ lásán!" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ọmọ ọmọ Màmá Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ tó ti yà sára ògiri, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dúró, ó sì pariwo: "Ó gbóná! Ẹ ò sọ fún wa pé ó máa ń gbóná!"

Oṣù mẹ́ta kọjá lẹ́yìn tí àwọn àgbà tó fẹ́ ti gba aràn lọ́wọ́ Dókítà. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ìlà tún tò lábẹ́ igi ọdán, Dókítà Fágbohùn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀. Fáàfù tó là ti padà sáyè rẹ̀, Tanímọ́lá fi rọ́bà tuntun tẹ́ ẹ nídìí kó má baà là jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì ti kọ́ àga náà ní ohun tuntun. Ohun tí Dókítà bá rí lábẹ́ awò ni àga yóò máa kà jáde báyìí, kì í tún gba ife gbọ́ mọ́.

Màmá Àwẹ̀ró gun pèpéle. Kò fọwọ́ gbé itan. Ó mu ìdajì ife, ó yọ ètè.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá," ni àga wí. Ó dúró díẹ̀. "Aràn òwú, mẹ́rìnlá. Ikùn yín kò mọ́."

"Yéè!" ni gbogbo ìlà hó. Bàbá Lájídé na ọ̀pá ẹlòmíràn sókè. "Mẹ́rìnlá! Mẹ́sàn-án péré ni tèmi!"

"Ṣé o rí i?" ni Màmá Àwẹ̀ró wí fún un. "Kódà níbí mo jù ọ́ lọ."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wo Tanímọ́lá tó tún ti wà lábẹ́ àga, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Ó tẹ̀ba, ó na ọwọ́ kan sí apá àga bí ẹni di etí ìkòkò mú, ó sì fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀tún lọ, òsì lọ. Òsì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé. Bàtà rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, nítorí pé ilé ló fi í sí. Ó yí àga keje po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, erùpẹ̀ sì ń fò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sójú ọmọ rẹ̀.

"Màámi, ẹ ń da ilẹ̀ sí mi lójú!"

"Jáde níbẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, kò dúró. "Mò ń ṣiṣẹ́."